Ohun Tí Mo Fi Ẹnu Mi Fà sí Ìpéǹpéjú Rẹ

                                        Ilé Alájà Mẹ́ta, Ẹ̀yìn Ọjà Ẹja,
                                        Tongyeong,
                                        Gúúsù Kòríà.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá, ọdún 2023.

Haram, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé o ti ń rí oorun sùn dáadáa báyìí tí ìdánwò àtiwọ yunifásítì ti kọjá? Àǹtí, ìyá rẹ, ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n níbi ìgbéyàwó ti fúyẹ́? Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé ohùn wọn ti padà bọ̀ sípò lẹ́yìn gbogbo orin tí wọ́n kọ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ ń padà sílé? Mo gbọ́ pé wọn nìkan ni wọ́n di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú láti Tongyeong títí dé Daejeon, tí awakọ̀ fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìdánwò, mo sì kí ọ kú ìsinmi. Kí otútù ìlú yín má ṣe mú ọ o. Tiwa níbí kò tíì le, atẹ́gùn òkun kàn ń já aṣọ tí mo bá sá sórí òrùlé ni.

Èmi wà, àbúrò mi. Mo ti di ìyàwó. Tí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí bàtà Gyutae lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí. Ó mọ ìrẹsì sè jù mí lọ. Bàbá ọkọ mi gbé odidi páálí ẹja wẹẹrẹ gbígbẹ wá láti ìsọ̀ wọn, a sì ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, a ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, èémí mi pàápàá ti di ẹja, kò sì dùn mí rárá. Ọ̀gá mi nílé búrẹ́dì ní mo ń kọrin sínú ìyẹ̀fun, pé kí n rọra ṣe, kí búrẹ́dì má lọ wú ju agolo lọ. Ayọ̀ yìí pọ̀ débi pé mo máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn kí n tó wọlé, kí n kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ayọ̀ náà tó há mi lọ́fun bí egungun ẹja, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Mi ò tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, torí ohun kan wà tí mo fẹ́ fi sínú àpò pẹ̀lú rẹ̀. Wàá rí i tí a fi áńkáṣíìfù dì. Jọ̀ọ́, má tú u títí wàá fi kàwé yìí tán.

Erékùṣù Jeju la wà fún ìsinmi ìgbéyàwó wa nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ bá mi. O ní Àǹtí ti bá ọ gba ààyè iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú sílé ìwòsàn kan ní Seoul ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ẹ fẹ́ lo káàdì ìdánwò rẹ kí ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò tó parí. O wá kọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí ojú ọjọ́ ìgbéyàwó yín di tèmi títí láé. Ẹ ti ṣe é rí, ẹ sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n mọ̀ fún mi.” Gyutae ló ń kà á sí mi létí, torí ọsàn ni mo ń bó lọ́wọ́. Ó ní, “Wò ó, àbúrò rẹ fẹ́ jọ ẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó gbé ọsàn náà mì, adùn rẹ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ojú ọjọ́ ìgbéyàwó tí o ń wí yẹn, ṣebí èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é.

Ṣé o rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kun ojú fún ìyàwó? Ìwọ jókòó sẹ́yìn mi, o gbé kóòtù mi lé itan, o ń rọra jẹ gimbap, kí ìrẹsì tí wọ́n ká sínú ewé òkun náà má baà já bọ́ sára aṣọ rẹ. Obìnrin tó ń kun ojú ti ń parí tèmi. Inú mi dùn débi pé ohunkóhun tó bá wá sí mi lẹ́nu ni mò ń sọ. Mo rí ọ nínú dígí, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ti àbúrò mi náà, kí ojú wa lè bára mu nínú fọ́tò.”

Obìnrin náà wò ọ́. Ó ní, “Ti ọmọ yìí kẹ̀? Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀.”

Èmi ni mo dá a lóhùn pé, “Kò sí ohun tó ṣe é lóòótọ́, ìlà orí ìpéǹpéjú nìkan ni kò sí níbẹ̀.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n o gbé gimbap ọwọ́ rẹ sílẹ̀, o kò sì jẹ ẹ́ mọ́. Mo rí i nínú dígí, mi ò sì kà á sí. Obìnrin náà gé téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ, ó fi igi kékeré ẹlẹ́nu méjì yẹn tì í sínú, ìlà sì yọ. O fi ọdún mẹ́ta tẹ orí ba ìwé, mi ò gbọ́ ọ kí o bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa ojú rẹ rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kan péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó dára lójú rẹ lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Gyutae ń sọ pé, “Ìyàwó, ẹ ní irú èyí nílé, ẹ ò sì sọ fún wa?” Mo ń rìn bọ̀, mo ń rìn lọ, mo ń gba ìyìn náà bí ẹni pé èmi ni mo bí ọ. Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá ní kí n yin òpó iná, màá yìn ín.

Ìgbà tí a ń jẹun wá ni màmá àgbà wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti tábìlì dé tábìlì. “Haram dà? Ẹ bá mi wá Haram.” Èmi àti Gyutae ń yí ká láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, mo sì rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹnu rẹ kún fún núdùlù, o na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n mi orí sí ọ bí ẹni tó ń kí àwọn ará ilé ọkọ, wọ́n sì kọjá lọ. Haram, mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Gyutae pé, “Wo màmá àgbà, wọ́n ti gbàgbé awò ojú wọn sílé.” Awò ojú wọn wà lójú wọn. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn ni kì í jẹ́ kí n gbádùn ara mi tán tí inú mi bá ń dùn.

Ó dáa. O ní kí n sọ ohun tó yẹ kí o mọ̀. Búrẹ́dì ni iṣẹ́ tí mo mọ̀, mi ò mọ iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n mo ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn yẹn rí.

Ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe dókítà. Obìnrin kan tó ń ta sánsán ni. Yóò gbé tíì fún ọ, yóò máa pe ìyá rẹ ní ẹ̀gbọ́n. Yóò wo ojú rẹ, yóò ní ó dáa, lẹ́yìn náà yóò sún mọ́ ọ, yóò ní, “Ojú nìkan? Imú á máa jowú o.” Èyí tó gbà wá lálejò nígbà tèmi sọ fún Àǹtí lójú mi pé bí a kò bá san owó kí a tó jáde, iye náà kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́la. Mu tíì rẹ̀, má sanwó. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o rí dókítà fúnra rẹ̀. Bi í bóyá iṣẹ́ yìí gan-an ló kọ́, bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni abẹ yóò wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ náà ti gbọ́ ìtàn ibi tí dókítà kan ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí ẹlòmíì tí onítọ̀hún kò rí rí wá ń gé e nígbà tó ti sùn. Bí ìbéèrè náà bá bí i nínú, mú kóòtù rẹ.

Dókítà yóò fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ ìpéǹpéjú rẹ, yóò sì gbé dígí fún ọ. Ìlà náà yóò yọ bíi ti ọjọ́ ìgbéyàwó, ọkàn rẹ yóò sì fò. Rọra o. Wáyà nìyẹn, ara kì í ṣe wáyà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà ṣe é. Àwọn kan máa ń fi òwú rán an níbi mélòó kan láìgé e gùn. Wíwú ìyẹn kì í pẹ́ fà, ṣùgbọ́n ìlà náà lè tú tó bá yá. Àwọn kan máa ń gé e, wọ́n á yọ díẹ̀ lára awọ tàbí ọ̀rá tó wà níbẹ̀, ojú ọgbẹ́ á wà níbẹ̀, ó sì ṣòro láti dá a padà. Gígé ni wọ́n gé tèmi. Kò sẹ́ni tó bi mí èwo ni mo fẹ́. Wọ́n kàn ní ìpéǹpéjú mi nípọn bí ìyẹ̀fun pípò tí a fi ń wé ẹran mandu.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n á jẹ́ kí o sùn. Wọ́n á fún ọ ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora, ṣùgbọ́n wọ́n á tún ní kí o lajú, kí o pa á dé, kí wọ́n lè wò ó bóyá méjèèjì dọ́gba. Mo gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì. Mo gbọ́ òórùn ohun tó ń jóná, mo sì mọ̀ pé ara mi ni. Àǹtí kò lè sọ èyí fún ọ, torí òun àti ìyá mi wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì elẹ́ja.

Tó o bá délé, ojú rẹ á rí bíi ti ẹni tí oyin ta. Wàá máa gbé yìnyín lé e, wàá máa sùn pẹ̀lú ìrọ̀rí gíga. O kò ní lè lo àwọn awò tó o máa ń lẹ̀ mọ́ ẹyin ojú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ìwọ ni kì í yọ wọ́n láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo sì tún rántí bó o ṣe máa ń fi ọwọ́ ra ojú, tó o máa ń ní iyanrìn wà níbẹ̀. Ojú gbígbẹ nìyẹn. Lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lásán ní Daejeon kí o tó lọ Seoul rárá, torí iṣẹ́ abẹ yìí lè mú ojú gbígbẹ burú sí i. Èmi kò lọ. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ojú méjèèjì lè máà jọra, ìlà á ga, wàá ní wọ́n ti bà ọ́ jẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi abẹ kàn án láàárín ìgbà yẹn, jẹ́ kó kọ́kọ́ fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá ń wú tó ń ro ọ́ kíkankíkan, tàbí tó o bá rí i pé ìríran rẹ ń ṣú, má dúró de ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Nígbà tí à ń bọ̀ láti Jeju, a jókòó sí yàrá ọkọ̀ ojú omi tí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń gbóná yẹn. Ọ̀sán ni. Mo dùbúlẹ̀, mo sì sùn lọ. Gyutae jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó: pé òun kò fẹ́ ta ẹja mọ́, pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì lọ́dọ̀ mi, kí a ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tiwa, pé ẹ̀rù bàbá òun ló ń bà òun. Ó sọ ọ́ títí. Ó ní, “Kí lo rò sí i?” Mi ò dáhùn. Ó ní, “Ṣé o ń bínú ni? Tí o kò bá fẹ́, mo lè máa ta ẹja lọ.” Mi ò dáhùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo wá han-run.

Ìyá arúgbó kan tó ń bó ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìyàwó rẹ ń sùn. Ojú rẹ̀ ni kò pa dé. Ọmọ tèmi náà gé tirẹ̀, bó ṣe máa ń wò mí nìyẹn tó bá ń sùn.”

Gyutae rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo jí, mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbà kó tó sọ ọ́ dé ìdajì. Àbúrò mi, n kò rò pé ayọ̀ tó ju ìyẹn wà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mo ti mọ ìdí tí ojú mi fi máa ń pọ́n tó sì máa ń ta mí láràárọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ìyẹ̀fun ni mo ti ń bá wí. Awọ tí wọ́n gé ti pọ̀ jù díẹ̀, ìpéǹpéjú kò sì pa dé tán mọ́. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí o, ṣùgbọ́n awọ kì í ṣe irun, bí wọ́n bá gé e kì í hù padà. Gyutae ló ń bá mi kán oògùn sí i báyìí kí n tó sùn.

Lẹ́yìn náà la lọ kí màmá àgbà ní Goseong. A wólẹ̀ kí wọn, wọ́n súre fún wa, wọ́n sì tún bèèrè pé, “Haram dà?” Mo sọ ibi tí o fẹ́ lọ fún wọn.

“Ṣé kò ríran ni?”

“Ó ríran, Màmá.”

“Ṣé ó ń dùn ún ni?”

“Rárá o. Ó fẹ́ kó lẹ́wà sí i ni.”

“Ta ló sọ fún un pé kò lẹ́wà?”

Gyutae ń bó èso lọ́wọ́. Ó tẹjú mọ́ èso náà. Mo ní, “Èmi ni, Màmá.”

Mo rò pé wọ́n á bá mi wí, ó sì wù mí kí wọ́n bá mi wí. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, àwọn fi lẹ́ẹ̀ ìrẹsì lẹ ìpéǹpéjú àwọn sókè kí ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìrẹsì lè rí àwọn. Lẹ́ẹ̀ náà gbẹ lójú ọ̀nà, ojú kò ṣeé ṣẹ́ mọ́, omi bò ó, wọ́n sì já sínú kòtò oko ìrẹsì.

Gyutae ní, “Ọmọkùnrin yẹn wá ńkọ́, Màmá?”

“Òun ló fà mí jáde. Bàbá àgbà ìyàwó rẹ nìyẹn.”

“Ojú tí ẹ lẹ̀ yẹn ló wá wù wọ́n?”

“Ojú wo? Ẹrẹ̀ ni wọ́n rí.”

Nítorí náà, màmá àgbà kò ní kí o má lọ. Ìyá mi ló sọ fún mi nínú ilé ìdáná pé nígbà tí mo gé tèmi, màmá àgbà kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní, “Kò burú, Haram ṣì ní tirẹ̀.” Mo rò ó títí bóyá kí n sọ èyí fún ọ. Mi ò sọ ọ́ láti fi dè ọ́. Ojú rẹ kì í ṣe oko ẹbí tí a ní kí o máa ṣọ́. Èmi náà, tí mo bá wo dígí, mo fẹ́ràn ojú mi. Mi ò lè lá oyin tán kí n wá máa sọ fún ọ pé oyin kò dùn.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí, ìwọ nìkan lo sì mọ ìdáhùn rẹ̀: ṣé o ti ń fẹ́ ẹ kí n tó la ẹnu mi níwájú dígí yẹn? Bó bá ti wà lọ́kàn rẹ tipẹ́, lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, bèèrè gbogbo ohun tí mo kọ, kí o sì pè mí. Màá wọ bọ́ọ̀sì wá, màá bá ọ gbé yìnyín lé e títí yóò fi fà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mi ló gbé e wá, jọ̀ọ́, sún un síwájú títí di ẹ̀yìn ọdún tuntun, kí ọ̀rọ̀ mi lè kọ́kọ́ ṣí kúrò lára rẹ bí téèpù yẹn ṣe ṣí. Mo ti bá Àǹtí sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀dínwó káàdì ìdánwò yóò lọ. Mo ní kó lọ. Ṣé èèyàn á ra bàtà tí kò bá a lẹ́sẹ̀ mu nítorí pé wọ́n dín owó rẹ̀ ni? Má bínú sí mi, Haram. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí kò yẹ.

Bá mi kí Bàbá, kí o sọ fún wọn pé Gyutae ní òun fẹ́ kọ́ orin inú bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn. Bá mi kí Àǹtí, kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó orúnkún. Ìyá ọkọ mi kí yín, wọ́n ń bọ̀ wá fi ẹja ránṣẹ́, ẹ má gbìyànjú àtikọ̀.

O lè wá tú áńkáṣíìfù náà báyìí. Èso daechu gbígbẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí àwọn àgbà ń súre ọmọ fún èmi àti Gyutae, tí wọ́n ń ju daechu sínú aṣọ tí a tẹ́, àwọn kan yí lọ sẹ́sẹ̀ màmá àgbà. Wọ́n ṣà wọ́n, wọ́n sì dì wọ́n fún ọ. Ìdí tí wọ́n fi ń lọ láti tábìlì dé tábìlì nìyẹn. Wọ́n gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀, wọn kò fún ẹlòmíì. Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Fún ọmọ tó ní ojú mi.” A ti wọ bàtà tán kí wọ́n tó tún pè mí padà. Wọ́n ní, “Bó bá sì ti pààrọ̀ ojú náà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, fún un náà. Kó ṣáà máa dárúkọ ara rẹ̀ fún mi bó bá ti ń wọlé.”

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                        tí ayọ̀ àti ìtìjú jọ ń bá gbélé,
                                        Eunsol.